Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Yẹn: Ìdáhùn fún Ìyá Tí Ọmọbìnrin Rẹ̀ Fẹ́ Wa Bàálù

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti Òkè-Bàálẹ̀ l'Óṣogbo. Ó ní adìrẹ lòun ń ṣe, Ọjà Ọba lòun ti ń tà á. Àkọ́bí ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 17, SS3 ló wà, ó ń lo gíláàsì, ó sì ní páílọ́ọ̀tì lòun fẹ́ ṣe, kò gbọ́ kò gbà. Bàbá ọmọ ò tíì sọ̀rọ̀ kan pàtó, àmọ́ àwọn ẹbí ọkọ ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ta ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tí ò ní gbélé. Ìyá yìí ní púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan l'ọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹni tó fẹ́ rà á ti ń dúró de èsì. Ó ní ṣé kóun tà á kóun fi rán ọmọ lọ, àbí kóun bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Obìnrin páílọ́ọ̀tì ni mí, ọmọ Òṣogbo lèmi náà, ìyá tèmi náà taṣọ l'Ọ́jà Ọba kó tó rán mi nílé-ìwé, torí náà mo mọ ohun tí ilẹ̀ kan jẹ́ fún obìnrin tó ń fi owó ọjà ra nǹkan. Ibi ilẹ̀ yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀ torí ẹ ní oníbàárà ń dúró. Ẹ má tíì tà á. Mi ò sọ pé ẹ má tà á láé o, ẹ má TÍÌ tà á ni mo sọ. Nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú owó ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ òbí ni ò sì mọ̀ ọ́n títí owó á fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Médíkà ni, ìyẹn àyẹ̀wò ìlera.

Kò sẹ́ni tó lè fi bàálù kérò jẹun láìní ìwé ìlera tí wọ́n ń pè ní Class 1. Kì í ṣe gbogbo dókítà ló lè fún un o, àfi èyí tí NCAA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, bá fún láṣẹ. Ẹ wá ẹni tó lórúkọ níwájú NCAA, Èkó lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é, ẹ kàn máa wá owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ni, kò sì sí bó ṣe pọ̀ tó tó máa dé ìdí owó ilẹ̀ yẹn. Wọ́n á wo ojú ẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ dán etí ẹ̀ wò, wọ́n á wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n á bi í bóyá wárápá ti mú un rí, bóyá ó máa ń dákú, bóyá ó ní ásímà. Kó sọ òótọ́. Ohun tó bá fi pamọ́ níbẹ̀ á padà jáde, nígbà yẹn ó ti náwó tán.

Mo mọ ọmọkùnrin kan tá a jọ wọlé ẹ̀kọ́ bàálù, bàbá ẹ̀ ta ilé kan láti san owó. Lẹ́yìn tí wọ́n sanwó ló tó lọ ṣe médíkà, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé kò lè fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Kò mọ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹ lè máa rò pé kí ló kan àwọ̀ nínú wíwa bàálù, tí rédíò bá kọṣẹ́ lójú òfurufú, iná ni wọ́n máa ń tàn sí wa láti ilé gíga tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, àwọ̀ ewé tó dúró gbọin ni pé a lè balẹ̀, pupa tó dúró gbọin ni pé ká yàgò fún ẹlòmíì ká ṣì máa yí po. Ẹni tí méjèèjì bá jọ lójú ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó máa já sí. Ọmọ yẹn sunkún, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Gbogbo owó ọ̀hún kọ́ ni wọ́n sì rí gbà padà.

Ti gíláàsì ọmọ yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Gíláàsì ò lé èèyàn nínú iṣẹ́ wa. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ríran dáadáa nígbà tó bá wọ̀ ọ́, tó bá ti wọ̀ ọ́ tó sì ríran dé ibi tí wọ́n fẹ́, ó parí, á kàn máa gbé gíláàsì kejì sínú báàgì ní gbogbo ìgbà tó bá ń fò. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi, ìdajì wọn ló ń lo gíláàsì. Àwọ̀ lẹ́ ẹ máa wò, ìyẹn náà sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ dáadáa, ọmọ aláró tó ti ń bá yín to aṣọ láti kékeré, mo rò pé ẹ̀yin gan-an á ti fura tó bá jẹ́ pé kò mọ àwọ̀.

Tí médíkà bá gbè é, ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé-ìwé.

WAEC ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, krédíìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì, mátíìsì àti físíìsì wà níbẹ̀. Kò di dandan kó lọ yunifásítì kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyẹn. Ti ìjọba ni NCAT, ilé-ìwé bàálù tó wà ní Zaria, ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì Nàìjíríà ti jáde. Èyí tó sún mọ́ wa ni International Aviation College n'Ílọrin, ẹ ti mọ bí Ìlọrin ṣe wà sí Òṣogbo. Àwọn tó lówó jù ń lọ South Africa tàbí Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì lókè òkun ṣì máa wá yí i padà sí ti Nàìjíríà lọ́dọ̀ NCAA, ìdánwò wà ńbẹ̀, owó wà ńbẹ̀. Tí éjẹ́ǹtì kankan bá wá bá yín l'Óríta Ọlàìyà pé òun á fi ọmọ yín sí ilé-ìwé bàálù l'Ámẹ́ríkà, òun á sì bá a wá físà àti iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ. Físà ilé-ìwé kì í ṣe físà iṣẹ́.

Bí láísẹ́ǹsì ṣe ń lọ rèé: láti ọdún 17 ló lè gba ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní PPL, ìyẹn ò gbà á láyè láti gba kọ́bọ̀ lórí fífò, kó kàn fi fò fúnra ẹ̀ ni. Èyí tó lè fi ṣiṣẹ́ ni CPL, ọdún 18 ni, wákàtí fífò tí wọ́n sì sábà máa ń kà fún un ni 200. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò nínú kùrukùru láìrí ilẹ̀ rárá, kó gbẹ́kẹ̀ lé àwọn aago iwájú ẹ̀ nìkan, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa oníẹ́ńjìnnì méjì. Tí wọ́n bá sọ pé oṣù 18, ẹ má fi oṣù 18 ṣírò owó oúnjẹ àti owó ilé. Ọyẹ́ máa ń mú ní Zaria, eruku á bo ojú sánmà, ọ̀sẹ̀ á pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ò ní gbéra. Nígbà míì ọkọ̀ á bàjẹ́, irinṣẹ́ tí wọ́n máa fi tún un ṣe dọ́là ni wọ́n ń fi rà á, epo ẹ̀ náà kì í ṣe epo mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí owó ilé-ìwé yìí fi máa ń gbéra sókè bí dọ́là bá ti gbéra. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni, ó ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́wàá tipẹ́, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé fúnra wọn kọ iye òní fún yín lórí ìwé, kí wọ́n sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí dọ́là bá wọ́n kí ọmọ tó parí.

Ibi tó dùn mí jù láti sọ rèé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ fún yín. Tí ọmọ yín bá parí, tó gba láísẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ ya fọ́tò, tẹ́ ẹ pín ìrẹsì, ó ṣeé ṣe kó wá jókòó sílé. Nàìjíríà kún fún àwọn tó ní CPL tí wọn ò níṣẹ́, ọkùnrin àti obìnrin. Wákàtí 200 ló ní lọ́wọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá ẹni tó ti fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, báwo ló sì ṣe máa fò jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sẹ́ni tó gbà á? Bàálù ńlá kọ̀ọ̀kan tún ní ẹ̀kọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, type rating ni wọ́n ń pè é, ẹni tó kọ́ ti Boeing 737 ò lè kàn bọ́ sínú ATR, ilé-iṣẹ́ míì á san án fún un, ilé-iṣẹ́ míì á ní kó san án fúnra ẹ̀, dọ́là sì ni. Tó bá wá wọlé tán, apá ọ̀tún ni wọ́n máa fi í sí gẹ́gẹ́ bí igbákejì, wákàtí 1,500 ni láísẹ́ǹsì tó ga jù ń béèrè kó tó lè máa rò ó pé òun á jókòó sápá òsì bíi kápúténì.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin lèmi fi dúró. Mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń bi ìyá mi léèrè l'Ọ́jà Ọba pé "páílọ́ọ̀tì wa ńkọ́?", ìyá mi á ní ó wà l'Ékòó, kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó gbà mí ni pé mo gba iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kan, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣírò ẹrù, tí wọ́n ń wo bójú ọjọ́ ṣe rí, tí wọ́n ń kọ ìwé ìrìnàjò fáwọn páílọ́ọ̀tì. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọ̀gá àwọn páílọ́ọ̀tì ń rí mi, ó ń rí i pé ìṣírò mi kì í yẹ̀, ọjọ́ tí àyè wá ṣí sílẹ̀, orúkọ mi ló kọ́kọ́ pè. Torí náà tẹ́ ẹ bá padà ta ilẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má náwó ẹ̀ tán sí ilé-ìwé. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pamọ́ fún ẹ̀yìn láísẹ́ǹsì, torí médíkà yẹn ọdọọdún ló ń ṣe é, láísẹ́ǹsì gan-an ń fẹ́ kó máa fò kó má bàa sùn. Tí owó tẹ́ ẹ ní ò bá lè tó ilé-ìwé àti ìdá yẹn, kó ṣì lọ kọ́ nǹkan míì ná, kó padà wá. Mo bá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 kàwé, ó ti ṣe tíṣà rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ẹ bi àwọn ẹbí ọkọ yín pé kí ló wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ ti ọkùnrin. Bó bá jẹ́ agbára ni, bàálù ńlá kì í ṣe lọ́rì tí èèyàn ń fi èjìká wà, agbára epo inú páìpù ló ń ti àwọn apá ẹ̀, tiwa ni ká darí ẹ̀. Ti kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ìka méjì àti àtàǹpàkò ni wọ́n ní ká fi mú un, ẹni tó bá dì í mú gírí kò ní lè gbé e balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù ó bàjẹ́, ọwọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1910 ni obìnrin Faransé kan, Raymonde de Laroche, ti gba láísẹ́ǹsì. Bessie Coleman, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ṣíṣe èékánná ló ń ṣe ní Chicago, ilé-ìwé bàálù kankan lọ́hùn-ún ò gbà á, ó lọ kọ́ èdè Faransé, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé, ó gbà á níbẹ̀ lọ́dún 1921. Tiwa níbí, Chinyere Kalu gba láísẹ́ǹsì tiẹ̀ lọ́dún 1981, Zaria ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tó sì di 2011 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá pátápátá fún ilé-ìwé Zaria náà. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé kò sí obìnrin níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé obìnrin ti darí ilé-ìwé ọ̀hún rí.

Síbẹ̀ mi ò ní parọ́ fún yín, a ò pọ̀. Nínú 100 páílọ́ọ̀tì tó ń kérò káàkiri ayé, bíi 5 tàbí 6 ló jẹ́ obìnrin. Íńdíà ń kọjá 12, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí ibẹ̀ ń ṣọ́ ọmọbìnrin bá a ṣe ń ṣọ́ ọ níbí, wọ́n tún ń kanjú sí ìgbéyàwó.

Ohun tó ń ṣe obìnrin níbi iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rò. Ẹ máa rò pé èébú ni. Èébú wà, wọ́n bi mí ní intafíù pé ìgbà wo ni mo fẹ́ lọ́kọ, wọn ò bi àwọn ọkùnrin tá a jọ jókòó, mo dáhùn, mo kúrò níbẹ̀. Ohun tó ṣe mí léṣe jù ni àánú. Olùkọ́ kan tó fẹ́ràn mi bí ọmọ ló kọ́kọ́ ń bá mi fò, bá a bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀, tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, á ní "fi sílẹ̀ fún mi, má jẹ̀ẹ́ kó dà ọ́ láàmú", á gbà á lọ́wọ́ mi, á gbé e balẹ̀. Àwọn ọkùnrin tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, á jẹ́ kí wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ gbì, á pariwo lé wọn lórí, á ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Inú mi ń dùn pé wọn ò pariwo lé mi. Nígbà tó di pé kí n fò lémi nìkan, ọwọ́ mi ò mọ atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wákàtí yẹn wà nínú ìwé mi, owó ìyá mi ni wọ́n fi san án, kò sì sí nínú ọwọ́ mi. Mo sunkún lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n fún mi l'ẹ́lòmíì, ẹni tó máa jẹ́ kí n ṣe é kó bàjẹ́ kí n tún un ṣe. Wọ́n fún mi ní ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Mo gbá a mọ́lẹ̀ títí ó fi yé mi.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá ọmọ yín sọ ni pé tí wọ́n bá ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀". Ọmọ Yorùbá tá a tọ́ dáadáa ò lè bá àgbà jiyàn, mo mọ̀, àwa obìnrin ló ṣòro fún jù. Àmọ́ inú ọkọ̀ òfurufú, a máa ń kọ́ igbákejì pé tí kápúténì bá ṣàṣìṣe kó sọ ọ́ síta, kó tún un sọ, kó má torí ọ̀wọ̀ pa èèyàn. Kó ti ilé bẹ̀rẹ̀. Tó bá sọ fún yín pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ má bínú sí i.

Ti ọkọ àti ọmọ. Mo lọ́kọ, mo bímọ méjì. Àwọn tó ń sọ pé kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì kó lè máa gbélé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dé ilé ìwòsàn lóru rí, ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì ń ṣe náìtì. Ẹni tó ń fò láàárín Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ alẹ́ ló ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó kàn máa ń jí ṣáájú àkùkọ ni. Ibi tó ti ń nira gidi ni oyún. Òfin àgbáyé ni pé tí oyún ò bá mú wàhálà lọ́wọ́, tí dókítà sì ń tẹ̀ lé e, láti ìparí ọ̀sẹ̀ 12 sí ìparí ọ̀sẹ̀ 26 nìkan lobìnrin lè fò, ṣáájú àti lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ ló máa wà. Ìgbà tí èèyàn bá wà nílẹ̀, owó tí wọ́n ń san lórí wákàtí fífò ò wọlé. Nígbà oyún mi àkọ́kọ́, ohun tó ń wọlé fún mi já wálẹ̀ débi pé ọkọ mi ló ń san owó ilé lóun nìkan, ó ṣe é, mi ò ní gbàgbé. Torí náà kó tó fọwọ́ síwèé níbikíbi, kó béèrè ohun tí wọ́n ń san fún obìnrin tó lóyún, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ojú má tì í.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní gba ilẹ̀ yín rárá, Air Force. Láti 2011 ni NDA, ilé-ìwé àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna, ti ń gba ọmọbìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ológun, JAMB ni wọ́n ń fi wọlé, ìjọba ló ń náwó. Ọdún 2019 ni Tolulope Arotile, ọmọ Okun láti Ìpínlẹ̀ Kogí, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń fi hẹlikópítà jagun ní Nàìjíríà, Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ogun lọ́dún kan náà. Tolulope kú ní July 2020, kì í tiẹ̀ ṣe lójú òfurufú, ìjàǹbá orí ilẹ̀ nínú bárékè ni, ọmọ ọdún 24. Mo ṣì ń rí fọ́tò ẹ̀ lára ògiri àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ológun ni ológun, ọdún pọ̀ tó máa fi sin ìjọba, ibi tí wọ́n bá rán an ló máa lọ, kí òun fúnra ẹ̀ fẹ́ ẹ, kó má jẹ́ torí owó nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin páílọ́ọ̀tì kan náà wà tó ń jẹ́ The Ninety-Nines, obìnrin 99 ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1929, wọ́n ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní sikọ́láṣíìpù, nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kó wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ kà á fún un. Àbúrò mi, má tíì ra fìlà páílọ́ọ̀tì. Físíìsì tó wà níwájú ẹ yẹn ni bàálù, ohun tó ń gbé apá ẹ̀ sókè wà nínú ìwé SS3 ẹ, kà á bí ẹni tó máa lò ó. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ketekete láìkánjú torí orí rédíò wọn ò ní rí ojú ẹ. Bá ìyá ẹ ṣírò ọjà lálẹ́ láìlo fóònù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ Èkó fún médíkà, sùn dáadáa lóru àná ẹ̀, gbé gíláàsì ẹ dání, kó o sì mú ìwé dókítà ojú tó fún ẹ dání pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kó fún yín lóṣù méjì. Tó bá kánjú, kó lọ wá òmíì. Ẹ kọ èsì médíkà ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe wù kó rí, ìgbà yẹn la máa jọ jókòó ṣírò owó ilẹ̀ yẹn ní náírà àti ní dọ́là.